Ẹ má tíì fi sítáǹbù bàbá àgbà yín ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò sítáǹbù àtijọ́ síbí, ìbéèrè kan náà ló ń kún inú DM mi: "Àǹtí, mo rí sítáǹbù nínú àpótí bàbá àgbà mi, ibo ni mo lè fi ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi gíréèdì ẹ̀?" Ẹ má fi ránṣẹ́ síbì kankan ná.

Nǹkan méjì wà táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Ìwé ẹ̀rí ń sọ bóyá sítáǹbù jẹ́ ojúlówó: ṣé ohun tẹ́ ẹ pè é náà ló jẹ́, ṣé wọn ò tún ibi tó ya ṣe, ṣé wọn ò fi gọ́ọ̀mù tuntun pa ẹ̀yìn ẹ̀. Gíréèdì ní tiẹ̀ ń sọ bó ṣe rẹwà tó: ṣé àwòrán ẹ̀ wà láàrin gbùngbùn, ṣé eyín etí ẹ̀ pé. Royal Philatelic Society ní London ti ń ṣe ti ìwé ẹ̀rí láti 1894. PSE ní Amẹ́ríkà ló gbajúmọ̀ fún gíréèdì, wọ́n ń fún sítáǹbù ní máàkì tó lè dé 100, bíi ti ìdánwò. Ní 2023 wọ́n ta Inverted Jenny kan, sítáǹbù Amẹ́ríkà ti 1918 tí baálù inú ẹ̀ dorí kodò, ní mílíọ̀nù 2 dọ́là. Máàkì 95 ló ní. Ó yé mi pé fídíò irú ẹ̀ ló ń gbé yín nínú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra sítáǹbù Amẹ́ríkà ló ń bára wọn jà lórí máàkì. Ẹni tó bá ń wá sítáǹbù Nàìjíríà, ìbéèrè tiẹ̀ ni pé: èwo gan-an lèyí? Ìbéèrè yẹn, ẹ lè dáhùn púpọ̀ nínú ẹ̀ fúnra yín, nínú yàrá yín.

Ẹ wo ti ọba George VI, èyí tó jáde ní 1938, ṣílè márùn-ún, tí wọ́n ya Odò Ọya ní Jẹ́bà sí. Bẹ́ ẹ bá to mẹ́rin síwájú yín, ẹ máa búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ka ihò etí wọn. Iye ihò tó bá wà láàrin sẹ̀ǹtímítà méjì ni wọ́n fi ń pè é. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 13 lókè àti 11½ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ní òǹkà tiwọn, irú bíi 14 àti 12. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló wọ́n jù, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà. Rúlà lásán lẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ ò sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Tàbí ẹ mú èyí tó jáde ní 1973, ọdún tá a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi tẹ díẹ̀ nínú wọn. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín sún mọ́ lẹ́tà "NIGERIA": bí etí lẹ́tà bá mọ́lẹ̀ gbọọrọ, lithography ni, bó bá rí wúruwùru bí etí ayùn, photogravure ni. Àwọn ẹranko tí Maurice Fievet yà ní 1965 ńkọ́? Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ ẹ bá rí N.S.P. & M. Co. Ltd. níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ló tún un tẹ̀ nígbà tó yá.

Sítáǹbù tí kò ní eyín rárá? Ẹ rọra. Sísọ́ọ̀sì ló wà nílé gbogbo wa. Àfi bó bá jẹ́ méjì tó so pọ̀ láì ní ihò láàrin ni mo máa tó dìde jókòó.

Ibo ni ìwé ẹ̀rí wá ti wúlò? Ibi tí ayédèrú pọ̀ sí. Ní 1968, Biafra tẹ "SOVEREIGN BIAFRA" lé orí sítáǹbù ẹranko Fievet yẹn kan náà. Sítáǹbù ìsàlẹ̀ ò wọ́n, ohun tí wọ́n tẹ̀ lé e ló wọ́n. Nítorí náà àwọn oníjìbìtì ti tẹ tiwọn lé e. Ojú mi ò lè dá a mọ̀ látinú fọ́tò, ojú yín náà ò lè dá a mọ̀. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n yí owó orí wọn padà ní Old Calabar ní 1893, nígbà Niger Coast Protectorate: èyí tí wọ́n sọ di ogún ṣílè nínú wọn wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù ní Áfíríkà. Irú ìyẹn, ẹ sanwó ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ sanwó gíréèdì àti owó ìfiránṣẹ́ láti Ìràwọ̀ dé Amẹ́ríkà lórí sítáǹbù kọ́bọ̀ márùn-ún? Owó ẹ̀rí á jẹ ọjà, á jẹ èrè, á tún jẹ yín.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ sí mi ti rẹ lẹ́tà náà sómi, wọ́n ti yọ sítáǹbù, wọ́n sì ti da àpò lẹ́tà nù!

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, ẹ rántí ibi tí àwọn àgbà wa ṣòwò dé. Láti Ṣakí, láti Ìgbòho, wọ́n lọ sí Gold Coast, wọ́n wà ní Kùmásí, wọ́n wà ní Tàmálè. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sílé. Ní 1957 tí Ghana gbòmìnira, wọ́n tẹ orúkọ tuntun lé sítáǹbù Gold Coast. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn èèyàn wa sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí orí lè rù. Lẹ́tà tó ti Kùmásí dé Òkè-Ògùn, tí òǹtẹ̀ ibi tó ti gbéra àti ibi tó gúnlẹ̀ sí ṣì hàn lára ẹ̀, mélòó ló kù? Sítáǹbù orí ẹ̀ lè máà tó owó búrẹ́dì. Àmọ́ gbogbo ẹ̀ lódindi, pẹ̀lú orúkọ, déètì àti òǹtẹ̀ ìlú kékeré, ni àwọn olùgbà gidi ń wá. Ẹ bá yọ sítáǹbù kúrò, ó parí. Kò sí ilé iṣẹ́ gíréèdì tó lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún àwọn ọmọdé pé "fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ránṣẹ́, mo máa bá ẹ gíréèdì ẹ̀", mò ń rí yín o. Iye tó wà nínú ìwé Stanley Gibbons tẹ́ ẹ ń fi hàn wọ́n, iye tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á ni, fún èyí tó dáa. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni máa rà á lọ́wọ́ wọn.

Bí lẹ́tà bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ fi sínú ọ̀rá gbígbẹ bó ṣe wà, ẹ gbé e kúrò níbi tí ikán wà. Bẹ́ ẹ bá sì rí èyí tí orúkọ Ìràwọ̀ wà nínú òǹtẹ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya tojú tẹ̀yìn ẹ̀ sábẹ́ ibí. Ọ̀fẹ́ ni mo máa wò ó.