Aṣọ nìkan kọ́ ni ìmúra Ọjúde Ọba

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròhìn yín kí n fi bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Télọ̀ ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo sì fi tọ́ ọmọ. Kí Iléyá tó kù dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń gbé aṣọ wá, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń tò lọ kí Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé Balógun yóò gun ẹṣin wọlé tìlù tìbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ènìyàn má dá aṣọ, oúnjẹ ẹnu mi ló fẹ́ gbà. N kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo ń wí ni pé a ń fi oṣù méjì mẹ́ta múra aṣọ, a kì í fi wákàtí kan péré múra sílẹ̀ de èrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò lè pa ènìyàn, aṣọ kò sì lè gbà á.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú èrò ní Ìbàdàn, níbi àríyá ọdún tí wọ́n pè wọ́n sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Okija níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ní ìlú Seoul lọ́hùn-ún, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ènìyàn tó lé ní 150 ló kú ní ojú ọ̀nà tóóró kan. Kò sí ìjà, kò sí iná. Ayẹyẹ ni wọ́n wá ṣe, ọ̀dọ́ tó múra dáadáa ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pa ènìyàn nínú èrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìdúró ni ọ̀pọ̀ ń kú. Èrò á fún àyà wọn pa pọ̀, wọn kò ní lè mí mọ́. Ẹni tó ń tini lẹ́yìn kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ń kú lọ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ mi. Bí ọmọ bá sọnù láàárín àwọn tó wọ àǹkóò, kí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ wí? Á ní aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Igba ọmọ ló wọ aṣọ aláwọ̀ ewé níbẹ̀! Ẹ sọ fún télọ̀ yín kó rán àpò kékeré sí inú aṣọ ọmọ, kí ẹ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù sí ìwé, kí ẹ fi síbẹ̀. Télọ̀ tó bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí èyí, ẹ má fún un. Ìró tó ń wọ́lẹ̀ àti bàtà gogoro kò dára fún àárín èrò, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì ṣubú. Ọmọ ọwọ́ àti arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n.

Èkejì, ẹ ti ilé fi àdéhùn sí ibi ìpàdé tó jìnnà sí èrò àti aago tí ẹ ó pàdé. Ẹ má wí pé ẹ ó pe ara yín, nítorí níbi tí ènìyàn bá pọ̀ tó báyẹn, fóònù kì í lọ geere. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, kí ẹ mú omi dání. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, ní 2025 ó jẹ́ ọjọ́ 6. Bí ọjọ́ mọ́kànlá ló ń fi sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà àsìkò òjò ṣì ni. Ilẹ̀ á máa yọ̀. Ẹ má sì dúró sẹ́yìn ẹṣin, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn.

Bí ẹ bá rí i pé èjìká ń kan èjìká ní ọ̀tún, ní òsì, níwájú àti lẹ́yìn, ẹ tètè gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà kí èémí lè ráyè. Ẹ má bá èrò jìjàdù. Bàtà tàbí owó tó bá já bọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò mọ ọmọ ta ni ọmọ ta ni. Àwọn ẹgbẹ́ wa mọ ara wọn, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé ní ìpàdé tí wọ́n bá ti ń yan aṣọ, kí wọ́n yan ènìyàn mélòó kan tí yóò máa ṣọ́ èrò, kí wọ́n ra omi, kí wọ́n sì sọ ibi tí a ó máa kó ọmọ tó bá sọnù sí. Owó aṣọ ènìyàn díẹ̀ á ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá wà láàyè ló ń wọ àǹkóò àmọ́dún. Kí ọdún wa máa yabo o.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbà Télọ̀,
Ìjẹ̀bú-Òde.