Ilé Là Ń Wò Ká Tó Ra Pọ́ǹpù

Láàárín àwa tí a ń kọ kóòdù jẹun láti Ìkẹjà dé Agége, ìjà kan wà tí kì í tán. Ẹ ṣáà ti sọ pé ẹ fẹ́ fi omi mú kọ̀ǹpútà yín tutù. Ẹnì kan á ní D5 ni kí ẹ rà, DDC ò dáa. Ẹnì kejì á ní irọ́ ni, DDC lọ̀gá. Ẹnì kẹta á ní pọ́ǹpù kan ò tó, méjì ni kí ẹ so. Ẹnì kẹrin á fi ìbínú dìde pé rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ọpọlọ kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó yín ti ṣòfò. Ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á mú iná lọ, wọ́n á mú un padà wá, ìjà ò tíì parí.

A fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba: ohun tí a ń jà lé lórí kọ́ ló ń dà wá láàmú. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa ò wo ilé. Inú fídíò YouTube la ti kó ìjà yìí wá, fídíò àwọn tí yàrá wọn tutù, tí iná wọn kì í ṣẹ́jú. A wá gbé e wá sí Èkó bó ṣe wà. Owó tó yẹ ká fi dáàbò bo iṣẹ́ wa, pọ́ǹpù kejì la fi ń rà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Pọ́ǹpù máa ń ti omi gba inú páìpù lọ sínú bàbà pẹlẹbẹ kan tó jókòó lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Omi á gba ooru níbẹ̀, á gbé e lọ sí rédíétọ̀. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rédíétọ̀, ooru á bọ́ sínú yàrá, omi á padà sí táǹkì, á tún di ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí jẹnẹrétọ̀ ńlá lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran tàbí Agidingbi ti rí i rí: omi, pọ́ǹpù, rédíétọ̀, fáànù. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi rọ́bà ṣe abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì náà, omi ni wọ́n fi ń mú mọ́ọ̀dì wọn tutù. Iṣẹ́ yìí ti wà ní Ìkẹjà kí òpópónà Otigba tó di Computer Village.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ìjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ètò kọ́kọ́. Ṣé rédíétọ̀ ló yẹ kó ṣáájú ni, àbí ọpọlọ kọ̀ǹpútà? Ìṣirò ni ká fi bá ara wa sọ̀rọ̀, a ṣáà ní a kàwé. Láti mú lítà omi kan fi dígírì kan gbóná sí i, ó gba nǹkan bíi joule 4,200. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń tú ooru 300 watt jáde, joule 18,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Tí pọ́ǹpù bá ń ti lítà 4 kọjá ní ìṣẹ́jú kan náà, joule 16,800 ni omi yẹn máa gbà kó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Ẹ pín in. Omi tó wọlé àti èyí tó jáde fi dígírì kan lé díẹ̀ péré yàtọ̀ síra. Dígírì kan! Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń bú ara yín. Omi ń yí po ni, kì í pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná bákan náà. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ètò yìí: kí táǹkì ṣáájú pọ́ǹpù, kó sì ga jù ú lọ, kí omi lè máa ṣàn sínú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá ń yí láìsí omi nínú kì í pẹ́ kú, torí omi yẹn náà ló ń tù ú lára. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ gba ọ̀nà tó kúrú jù, níbi tí páìpù ò ti ní ká. Ọ̀rọ̀ ètò tán.

Ti D5 àti DDC ńkọ́? Èyí tiẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Laing ló ṣe méjèèjì. ITT ra Laing ní 2009, nígbà tó sì di 2011 ó bọ́ sábẹ́ Xylem. D5 tóbi díẹ̀, ó lè ti tó lítà 1,500 ní wákàtí kan tí nǹkan kan ò bá dí i lọ́nà. DDC kéré ní tiẹ̀, ara rẹ̀ máa ń gbóná jù, àmọ́ ó mọ bí a ṣe ń ti omi gba ibi tóóró. Ẹ padà sí lítà 4 tí a fi ṣírò lókè yẹn: lítà 240 ni ní wákàtí kan. Èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lè ṣe é láìfi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, tí ẹ bá sì ti kọjá ibẹ̀, eré àsákún ò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá mọ́. Àwọn kan á ní ti ariwo lọ́rọ̀ àwọn, pé D5 dákẹ́ jù. Ariwo wo, jàre? Pẹ̀lú "I better pass my neighbour" tí aládùúgbò tàn sábẹ́ fèrèsé yín? Èyí tí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ rà, tí ẹni tó tà á lè bá yín pààrọ̀ tó bá bàjẹ́, òun ni kí ẹ gbé lọ sílé.

Ti pọ́ǹpù méjì nìkan ló ní orí àti ìrù, ó sì yẹ ká dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni. Fún ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dákẹ́ tọ̀sán tòru, tí ẹni tó máa tún un ṣe ò sí nítòsí, ẹ so méjì. Ẹ̀rọ tiwa ńkọ́, èyí tó wà lórí tábìlì níwájú wa? Tí pọ́ǹpù bá kú, ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní máa dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ dígírì 95 tàbí 100. Tí ooru ò bá wá rọlẹ̀, á pa kọ̀ǹpútà. Ẹ máa pàdánù ọ̀sán kan, ó parí. Àmọ́ tí iná bá lọ lójijì, pọ́ǹpù méjèèjì máa kú pọ̀, torí ibì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Tí iná bá sì fi agbára òdì padà dé, pọ́ǹpù kọ́ ló máa kọ́kọ́ jó. Power supply ni, bọ́ọ̀dù ni, dísìkì tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà lórí ẹ̀ ni. Ẹ sọ fún wa: láàárín pọ́ǹpù kejì àti UPS gidi kan, èwo ló máa gba kóòdù tí ẹ ò tíì tọ́jú là?

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé báyìí.

Ooru ni àkọ́kọ́. Omi inú kọ̀ǹpútà ò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rédíétọ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Yàrá ẹni tó ń ṣe fídíò ní London lè wà ní dígírì 21. L'Ékòó, ní oṣù kejì sí ìkẹta, ọ̀sán máa ń tó dígírì 33, yàrá tí páànù bò sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí omi bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná ju yàrá lọ, tiwọn á jẹ́ 31, tiwa á jẹ́ 43. Dígírì 12 ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣí páálí pọ́ǹpù. Kò sí D5 tàbí DDC tó lè bá yín yọ ọ́. Rédíétọ̀ tó gbòòrò, fáànù gidi àti yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá sì ní yìnyín lòun máa kó sínú táǹkì, kó rántí pé afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin. Ṣé ẹ rí bí ìgò mínírà ṣe máa ń làágùn tí ẹ bá gbé e jáde nínú fíríìjì? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbà orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa làágùn tí omi inú rẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ bíi dígírì 24. Ẹ̀kán omi á bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, ó di gbèsè.

Eruku ló kàn. Àárín ìyẹ́ rédíétọ̀ kọ̀ǹpútà há bí eyín ìyarun. Eruku ọ̀nà, eruku ilé iṣẹ́, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀ lọ. Nígbà tó bá dí, ẹ lè so pọ́ǹpù mẹ́wàá, ooru ò ní rí ọ̀nà jáde. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù wúlò ju gbogbo àríyànjiyàn wa lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Omi fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. A máa ń gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé pure water lòun rọ sínú kọ̀ǹpútà òun, torí orúkọ rẹ̀ ni "pure". Omi mímu ni, ẹ̀yin ará. Iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ inú bàbà níbi tí ihò ti kéré jù. Omi bohòlù tún burú jù, pàápàá èyí tó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára báàfù. Omi distilled ni kí ẹ lò, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ewé omi hù, tí kì í sì í jẹ́ kí irin jẹra. Tó bá jẹ́ omi bátìrì lẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ àwọn oníbátìrì, ẹ rí i dájú pé ásíìdì kọ́ ni wọ́n gbé fún yín, torí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń wà lórí àtẹ.

Irin ló ṣẹ́kù. Nítorí pé rédíétọ̀ kọ̀ǹpútà wọ́n, àwọn kan ti ń wo rédíétọ̀ mọ́tò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń jó rédíétọ̀ ní Agége, wọ́n mọ̀ ju wa lọ lórí èyí. Rédíétọ̀ àtijọ́, bàbà àti idẹ ni. Ti mọ́tò tuntun, alumíníọ̀mù ni. Tí alumíníọ̀mù àti bàbà bá jọ wà nínú omi kan náà, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. A máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, tí omi bá dànù, agbè náà fọ́ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kórìíra omi. Omi ló mú IBM 3081 tutù ní 1980. Ní 1985, odindi bọ́ọ̀dù Cray-2 ni wọ́n rì sínú ohun olómi tí iná kì í gbà kọjá. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn ní òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn. Nígbà tí Apple gbé omi sínú Power Mac G5 ní 2004, tó tà á fún ará ilé lásán, àwọn kan nínú wọn jò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí omi ba inú wọn jẹ́. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Apple, ó lè ṣẹlẹ̀ sí wa nínú yàrá tí a háyà.

Nítorí náà, bí a ṣe rò pé ó yẹ kí owó wa máa rìn nìyí. UPS àti ohun tó ń so agbára iná ró ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, fáànù ńlá tó ní páìpù bàbà nínú, irú èyí tí fáànù méjì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń kọ kóòdù, tó ń ṣí browser àti Docker, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí omi tó máa jò nínú rẹ̀. Ẹni tí káàdì gíráfíìkì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, bóyá ó ń ṣe fíìmù tàbí ó ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì, omi lè bá a mu. Kó ra pọ́ǹpù kan, rédíétọ̀ bàbà tó gbòòrò ju èyí tí fídíò ní kó rà, omi distilled, kó sì jẹ́ kí pọ́ǹpù nìkan ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 pẹ̀lú tíṣù lábẹ́ gbogbo oríkèé páìpù, kó tó tan kọ̀ǹpútà.

Ṣé ká má jà mọ́ ni? Rárá o, ìjà dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ jà gbé nọ́ńbà wá. Ẹ ra tẹmómítà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sínú táǹkì, kí ẹ gbé èkejì síwájú rédíétọ̀. Ẹ kọ oṣù sílẹ̀, ẹ kọ aago, ẹ kọ iye ìgbà tí iná lọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní Agége lè rí nọ́ńbà ilé rẹ̀ kà, dípò nọ́ńbà ilé onílé. Ẹni tí kò bá tíì wọn ooru yàrá tirẹ̀, kó jọ̀ọ́ má sọ fún wa pọ́ǹpù tí a máa rà.