Ilé ìdáná tí ò ní ṣímínì: Ibo ni èéfín Ọ̀rányàn ń lọ?

Bí èèyàn bá yà wọ àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n ń ro ọkà, kó gbójú sókè nílé ìdáná. Igi àjà àti páànù ti dúdú kirikiri. Ẹ̀gbin èéfín ọdún pípẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ilé tó bá ń dáná igi máa ń ní ṣímínì, ìyẹn ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé. Wọ́n ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbá a, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìdí ni pé ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ lè gbiná. Bó bá sì dí, gáàsì carbon monoxide, tí ò láwọ̀, tí ò lóòórùn, á padà sínú ilé. Ó lè pa èèyàn lójú oorun.

Ilé ìdáná Ọ̀rányàn kì í sábà ní ṣímínì. Òrùlé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ìyá tó ń dáná àti ti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn sì ń bá wọn ṣe é. Àwọn àgbà ní ẹni da eérú l'eérú ń tọ̀. Ti èéfín yàtọ̀, kì í mọ ẹni tó dáná.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú wọn lọ́dún 2020. N'Ìbàdàn níbí, àwọn onímọ̀ fún lára àwọn aláboyún 324 tó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì ní sítóòfù ethanol. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé níbi àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sítóòfù náà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín àwọn tó kù, ìdá 6.4 ni.

Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ èéfín. Owó gáàsì ló ń lé ọ̀pọ̀ padà sídìí èédú, ọ̀rọ̀ ìjọba sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbígbá àjà ò gba owó, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíṣí fèrèsé àti gbígbé ààrò síta. Lọ́jọ́ òjò tàbí ọ̀gìnnìtìn, kí ẹnikẹ́ni má gbé iná èédú wọ yàrá sùn. Iná tó bá sì mú àjà kan ní Ọ̀rányàn, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí ọ̀nà sì há fún ọkọ̀ panápaná, kì í ṣe ilé kan ló máa jó.