Yìnyín kọ́ ló pa wọ́n ní Texas

Thread yìí máa gùn díẹ̀ o, inú ló ń bí mi.

Lánàá mo gbé fídíò kékeré kan jáde nípa ìjì òtútù tó jà ní Texas ní oṣù kejì ọdún 2021. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ẹ ò rí i? Iná ń lọ ní Amẹ́ríkà náà. Ẹ fi NEPA sílẹ̀ jàre." Ẹlòmíì ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé ta ló fẹ́ bá yìnyín wọ̀jàkadì. Comment méjèèjì yìí ló gba like jù lábẹ́ fídíò tí mo fi odindi òru ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ like yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé ìjì yẹn ò tóbi. Geography ni mo kà ní yunifásítì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Atẹ́gùn òtútù tó yẹ kó jókòó sí òkè àríwá ayé ló ya wá sí gúúsù. Ìjì náà wọlé láti apá òkun Pacific, ó ń da òjò, yìnyín àti òjò dídì sílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí ó fi dé ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Texas, county 254 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn pátá ni wọ́n kìlọ̀ ìjì fún. Ní Dallas, òtútù wálẹ̀ dé 19 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Fìríìsà tí màmá yín ń kó ẹja sí, 18 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n máa ń ṣe é sí. Ẹ wá fi ara yín sínú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n Minnesota ń rí òtútù tó ju ìyẹn lọ lọ́dọọdún, gbogbo ìpínlẹ̀ ọ̀hún kì í sì í tìtorí ẹ̀ wọ òkùnkùn. Texas ló ń wa epo àti gáàsì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ti wà láìsí iná?

Wọn ò gbọ́ràn ni. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ ti dé lọ́dún 1989, iná lọ. Wọ́n sọ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́ iná pé kí wọ́n bo ẹ̀rọ àti páìpù wọn kó má baà máa dì. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e, ẹni tó bá wù ló ṣe é. Òtútù tún dé ní 2011, iná tún lọ. Àwọn àjọ tó ń mójú tó iná ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbọọrọ pé ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà wọ́n lẹ́yìn 1989 náà nìyí, wọn ò kàn tẹ̀ lé e ni. Ó tún di 2021. Ṣé yìnyín ló ń gbàgbé ni, àbí èèyàn?

Ibi tó máa ń ká mi lára jù rèé. Gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Iná ló sì ń gbé àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì náà wá. Nígbà tí iná ò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já àdúgbò sílẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ má baà wó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gáàsì ò sì tíì forúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n má já iná tàwọn. Wọ́n já a. Gáàsì wá dín kù, iná tún wá dín kù sí i. Bí ejò tó ń gbé ìrù ara ẹ̀ mì. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kejì yẹn, ìṣẹ́jú 4 àti sẹ́kọ́ńdì 37 ló kù kí iná gbogbo Texas wó lulẹ̀ pátápátá. ERCOT tó ń darí iná ọ̀hún ló fẹnu ara ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún lè ní, "Wọ́n ò ṣe yá iná lọ́dọ̀ aládùúgbò?" Texas ló mọ̀ọ́mọ̀ ya wáyà tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí ìjọba àpapọ̀ má baà máa pàṣẹ fún un. Ọjọ́ tí ìyà dé, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yá iná ò ju bíńtín lọ. El Paso wà ní Texas níbẹ̀, àmọ́ wáyà àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n so mọ́, wọ́n sì ti náwó sórí ẹ̀rọ tó lè fara da òtútù lẹ́yìn ojú tí wọ́n rí ní 2011. Òtútù mú àwọn náà. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni iná wọn lọ, kò sì pẹ́ tó fi dé. Ìpínlẹ̀ kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà. Ṣé Ọlọ́run El Paso yàtọ̀ ni?

Gómìnà Greg Abbott bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí àti èyí tó ń lo oòrùn ló fà á. Ìwádìí jáde: nínú ẹ̀rọ 100 tó kọṣẹ́, 58 ló jẹ́ ti gáàsì. Sẹ́nétọ̀ Ted Cruz ní tiẹ̀ wọ bàálù lọ sí Cancún, níbi tí oòrùn ti ń ràn. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèyàn 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà pé ó kú. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù. Gáàsì kan tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, ló pa àwọn kan. Carbon monoxide lorúkọ ẹ̀, ó máa ń jáde lára èédú, jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò.

Díẹ̀ ló kù kí tiwa náà wà níbẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń gbé ní Houston. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday yẹn wọ́n fi voice note ránṣẹ́ sí Mọ́mì. Wọ́n ní iná ti lọ láti àná, pé ọkọ àwọn ti gbé ààrò oníèédú tí wọ́n fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé wọ pálọ̀, pé ilé ti ń móoru díẹ̀, orí kàn ń fọ́ gbogbo àwọn ni, ọmọ kékeré sì ń sùn ṣáá.

Mi ò tíì gbọ́ irú igbe tí Mọ́mì ké sórí fóònù lọ́jọ́ náà rí. "Mo ní kó o gbé e síta! Jí ọmọ yẹn! Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn!"

Ṣé ẹ mọ ibi tí Mọ́mì ti kọ́ ọ? Ìbàdàn ni. Ní àdúgbò wa, tọkọtaya kan gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ torí olè, wọn ò jí. Ohun tí wọ́n ń sọ ní ìta ni pé oorun ló gbé wọn lọ. Ẹlòmíì ní ayé ló ṣe wọ́n. Ta ló kà wọ́n? Ìwé wo ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí?

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ "ẹ fi NEPA sílẹ̀" ṣe ń bí mi nínú. Texas kọ etí dídi, wọ́n ka òkú wọn, ẹnu tì wọ́n, wọ́n ṣòfin ní oṣù kẹfà ọdún yẹn pé dandan ni kí àwọn ilé iṣẹ́ iná palẹ̀ mọ́ de òtútù. Ó pẹ́, òkú ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń gbé àṣìṣe wọn wá bo tiwa mọ́lẹ̀! Ní Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, yìnyín wo ló rọ̀ sí Òṣogbo tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń wó lulẹ̀ lọ́tùn-ún lósì? Àmúwá ta nìyẹn?

Mo ń jẹ́wọ́ o: ní 2021, èmi náà rẹ́rìn-ín sí fídíò àwọn tó ń jó nínú yìnyín, mo tún fi ránṣẹ́ sí group kí voice note yẹn tó dé.

Àǹtí mi ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń ké bí gáàsì yẹn bá ti wà nínú ilé. Òkè àjà ló wà. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, mo máa ń pè wọ́n láti béèrè bàtírì ẹ̀, wọ́n á ní mo ti tún dé. Lẹ́yìn comment àná, mo tún pè. Wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀.