Ọdún Parí ní Pópó Àgùdà, Ọ̀rọ̀ Ilé Kò Parí

  Ìrìn àjò ni mo lọ. Kì í ṣe òkè òkun. Láti Ìkòtún ni mo ti lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé tó ń ka ìwé ìròhìn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìkòtún mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí bí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó wá ra tòmátò kì í rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Adìyẹ ń ké nínú agọ̀, ewúrẹ́ ń fa okùn, aláṣọ ọmọdé gun orí àga, ó ń pariwo pé ọjà òun ti ń tán lọ. Àwọn ọmọ ń yin báńgà lẹ́yìn ilé títí ajá àdúgbò fi sá wọ abẹ́ mọ́tò. Nínú ariwo yìí ni Ìyá Àgbà, tí ojúlé rẹ̀ kángun sí tèmi, ti rán ọmọ pè mí.

Ó ní, "Tíṣà, jókòó. Mo fẹ́ kí o sìn mí dé Èkó lọ́jọ́ ọdún tuntun."

Mo ní, "Ìyá mi, ṣebí Èkó náà la wà yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìkòtún nìyí. Èkó ni mo wí. Ẹnì kan fẹ́ ra ilé bàbá mi ní Pópó Àgùdà, ó fẹ́ wó o kó fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé ìtajà. Ẹbí fẹ́ pàdé lé e lórí. Ojú mi kò ríran kàwé mọ́, ìwọ ni yóò bá mi ka ohun tí wọ́n bá kọ."

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Pópó Àgùdà ṣe di ará Ìkòtún. Ní 1955, ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní LEDB, tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé bàbá Ìyá Àgbà kò sí lára èyí tí wọ́n wó, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀, yàrá kò tó. Ó lọ́kọ, ó gbé Sùúrùlérè, ó gbé Muṣin, nígbà tó yá ni ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Ìkòtún, tí ilẹ̀ ṣì dínwó. Àwọn bíi tirẹ̀ kò níye. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, 209,437 péré ni wọ́n kà ní ti Lagos Island. Ìyẹn ni pé erékùṣù ni gbogbo ayé mọ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ni èrò wà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ìṣẹrì Ọlọ́fin, aládùúgbò wa ní Alímọ̀ṣọ́, a máa sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ni àwọn ọmọ Ọlọ́fin ti gba ojú omi lọ tẹ Ìddó àti Èkó dó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ará Èkó tó wá kọ́lé sí Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe àlejò.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun a wọ mọ́tò láti Ìkòtún dé Cele, a tún wọ òmíràn dé Mile 2. Níbẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023. Nígbà tó gun orí omi, tí Marina yọ sí wa lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, kò sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kó ọjà ní Bàlógun àti Ìdúmọ̀tà, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo lẹ gbé ojú sókè níbẹ̀ gbẹ̀yìn? Lọ́jọ́ ọjà, ẹrù àti àpò owó ni ojú ènìyàn ń wò. Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá tì ni ènìyàn tó lè rí Èkó. A gba òpópónà Martins, a sì rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ní 1894 ni wọ́n ṣí i, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé, ni àgbà nínú àwọn tó kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí fún àwọn Mùsùlùmí. Báyìí ni Èkó ṣe rí. Òní ńkọ́? Wọ́n ń kírun nínú rẹ̀, ó dúró digbí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Tinúbú, Ìyá Àgbà dúró. Ó ń wá Ilojo Bar. Ilé Àgùdà ni ìyẹn náà, ilé tí wọ́n sọ pé 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1956 ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbọ́ ìròhìn rẹ̀ tipẹ́, ojú rẹ̀ ni kò tíì tó o. Ó ní, "Ẹ gbà pé ìwé ìjọba kò gbé ògiri dúró."

A gbọ́ fèrè àti ìlù kí a tó dé Campos. Kàrétà ti jáde! Ìbòjú ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Pọtogí. Àwọn baba ńlá wọn ló gbé eré náà ti Bùràsíìlì bọ̀. Campos, Láfíàjì, Òkè Pópó, Olówógbowó, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ àti àwọ̀ tirẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹṣin, fìlà rẹ̀ kún fún ìyẹ́. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń jó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ọmọ kan láti Ẹgbẹ́dá pariwo pé, "Èyọ̀ nìyí!" Ìyá Àgbà bá a wí jẹ́jẹ́. Ó ní Èyọ̀ kì í jáde torí pé Kérésìmesì dé. Ẹni ńlá tó kú tàbí ohun ńlá kan ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí, bí wọ́n ti ṣe ní ọjọ́ 20 May 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún. Aṣọ funfun ni Èyọ̀ ń wọ̀, ọ̀pámbàtà ló ń mú lọ́wọ́, èrò ìwòran kì í sì í wọ bàtà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ Èkó ni bàbá rẹ̀ o, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

A dé ilé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sórí fèrèsé, ilẹ̀kùn igi rẹ̀ nípọn bí àtẹ́lẹwọ́. Òrùlé ti jò, àjà ti dúdú. Ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kún àtẹ̀gùn.

Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ilé ń jò, ta ló lówó tí yóò tún un ṣe?" Òótọ́ ni. Obìnrin kan láti Ìgandó ní owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn òun. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Wọ́n fún mi ní ìwé, mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tó sọ pé olórí ẹbí nìkan ni yóò fọwọ́ sí i, mo dúró, mo sì sọ ohun tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú gbà, olórí ẹbí nìkan kò lè dá ta ilé ẹbí. Àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò ti ẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Ẹ mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí bírò tó kàn án.

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà yíjú sí àwọn ọmọ lórí àtẹ̀gùn. "Nínú yín, ta ló ti sùn nínú ilé yìí rí?" Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Méjì ló na ọwọ́.

Ó ní, "Mo ti rí ibi tó ti jò. Kì í ṣe òrùlé."

Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi yàrá méjì ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì gba owó ṣọ́ọ̀bù, kí owó náà tún òrùlé ṣe. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé títí di Àjíǹde, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì mú ọmọ rẹ̀ wá sùn síbẹ̀ ní òru kan péré. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán tí wọ́n ṣì fẹ́ tà á, òun yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n gbà. Obìnrin Ìgandó náà gbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin ará mi, n kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé bàbá rẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ń rí ẹsẹ̀ ènìyàn lójoojúmọ́, ó dúró. Ilojo Bar ní ìwé ìjọba, ó wó. Ilé tí ọmọ kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀ ti di ọjà kí oníbàárà tó dé.

Lóṣù December, ọ̀pọ̀ wa ń kó ọmọ lọ wo iná Kérésìmesì ní Ajose Adeogun ní Victoria Island. Ó dára, iná náà rẹwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ fi ojúlé bàbá yín han ọmọ. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, bí ilé-ìwé bá wọlé, ẹ má kàn ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n jẹ lọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò tí a ti bí ìyá bàbá wọn, àti ẹni tó kọ́ ilé náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ bèèrè kí ẹnu tí yóò sọ ọ́ tó pa dé.

Ìyá Àgbà ti ní kí n múra Àjíǹde sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ́ tó ṣáájú rẹ̀ a ó jẹ fìrèjọ̀n, ẹ̀wà tí àwọn Àgùdà ń fi omi àgbọn sè, nínú ilé náà, bó jò bó gbẹ. Mo ti ṣèlérí. Bí ẹ̀mí bá wà, ẹ ó gbọ́ bó ṣe rí.