Ẹ Dá Ìwé Fágúnwà Padà Fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan ni mo mú wá. Láti ìgbà tí a ti ń kó ọmọ lọ sí ilé-kéwú ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìwé ìtàn mélòó ni àwa olùkọ́ kéwú ti fi èdè Yorùbá kọ fún wọn?

Mo bèèrè nítorí ohun tí mo fi ojú mi rí ní Iléṣà. Ààfáà ọ̀dọ́ kan gba Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ó tì í mọ́nú àpótí. Ó ní ìwé iwin ni, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sì ni pẹ̀lú. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Àkàrà-Ògùn padà délé láàyè. Arákùnrin wa kò lè dá a lóhùn, nítorí kò ka ìwé náà rí.

Ta ni ẹni tí a ń sá fún yìí? Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903. Ẹni tí ó bá gba Ifẹ̀ àti Ifẹ̀tẹ̀dó kọjá yóò dé ìlú rẹ̀. Kò jìnnà sí wa. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, láti 1926 sí 1929, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ títí di 1939. Ẹfun ìkọ̀wé ni ó fi ń jẹun bí tiwa. Síbẹ̀, ní 1936, ó kọ Ògbójú Ọdẹ fún ìdíje kan. 1938 ni àwọn CMS tẹ̀ ẹ́ jáde. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ó tún kọ Ìrìnàjò, lórí ìrìn rẹ̀ sí ìlú òyìnbó. Ní December 1963 ni odò gbé e lọ nítòsí Bídà. Ẹni 60 ọdún péré ni.

Wọ́n ní irọ́ ni iwin tó ń sọ̀rọ̀. Ó dára. Kí ni a wá ń kà ní ilé-kéwú? Ẹranko ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú Kalila wa Dimna. Nínú Maqamat tí Al-Hariri kọ, ó lé ní 900 ọdún sẹ́yìn, Abu Zayd ń fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti ìlú dé ìlú. Oníjìbìtì gbáà! A ń mi orí sí i, a ní èdè rẹ̀ jinlẹ̀. Ṣé bí oníjìbìtì bá ti gbọ́ Lárúbáwá, ó di ẹ̀kọ́, tí ọdẹ bá gbọ́ Yorùbá, ó di irọ́?

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ni. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, kò fi pa mọ́, ìwàásù rẹ̀ a sì máa gùn jù. Èmi náà ti fo ojú ewé bíi mélòó kan rí. Àmọ́ ọmọ tí a ti kọ́ ní ẹ̀sìn rẹ̀ nílé kò ní tìtorí ìtàn ọdẹ yí ẹ̀sìn padà. Bí ó bá yí i, ẹ̀kọ́ tiwa ni kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí gan-an. Ìtumọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ yóò mọ ohun tí Lárúbáwá wí, gírámà rẹ̀ yóò pé, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi gbé e jáde. Yóò wá ki Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́. Lọ́la òun ni yóò dúró túmọ̀ kúthúbà fún ìyá arúgbó tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Níbo ni kí ó ti kọ́ èdè náà, tí a bá ti Fágúnwà mọ́nú àpótí tí àwa kò sì kọ nǹkan kan rọ́pò rẹ̀?

Mo ti fún ọmọbìnrin yẹn ní ẹ̀dà tèmi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ojú ewé mẹ́rin kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣì wà lọ́wọ́ arákùnrin wa.