Ọgbà Ọba Tó Jóná Tún Dìde ní Ṣáínà: Igbó Ilẹ̀ Yorùbá Ńkọ́?

Ta ni kò mọ Ìdí-Ìrókò, ẹnubodè tí ọjà Kútọnu ń gbà wọlé? Orúkọ ìlú náà ń sọ fúnra rẹ̀ pé ìdí igi ìrókò ni wọ́n fi pè é. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ iléèwé kan níbẹ̀ kó yàwòrán bí ìdí igi ọ̀hún ṣe rí láyé àtijọ́. Àfàìmọ̀ kó má kàn máa wò yín lójú!

Àwọn ará Ṣáínà ti rí ọgbọ́n dá sí irú ọ̀ràn yìí. Ọgbà ọba kan wà ní Beijing, Yuanmingyuan lorúkọ rẹ̀, ọdún 1707 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Adágún omi, afárá, ilé ìgbafẹ́, kí ni kò sí níbẹ̀? Lóṣù kẹwàá ọdún 1860, àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ya wọbẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dáná sun ún. Ẹni tó bá rántí Bìní lọ́dún 1897 yóò mọ̀ pé ìwà wọn nìyẹn.

Lónìí, èèyàn lè fi awò ńlá kan bojú, kó máa rìn kiri inú ọgbà náà bíi pé kò jóná rí. Tó bá yí orí, àwòrán á yí tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Tsinghua ló fi kọ̀ǹpútà tún un kọ́. Kì í ṣe idán o! Wọ́n ti ya ogójì ibi nínú rẹ̀ sórí aṣọ sílíìkì ní nǹkan bí ọdún 1744. Àwọn Faransé jí àwòrán ọ̀hún kó, Paris ló sì wà dòní. Ìdílé Lei, tó ń yàwòrán ilé fún ọba, náà fi bébà tiwọn sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tẹ́nìkan ò bá yà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè rántí ẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, hẹ́kítà 75, rí alájàgbà: Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó kú lọ́dún 2009. UNESCO sì ti kọ igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Àwọn igbó kéékèèké tí wọ́n ń gé ta ní pílọ́ọ̀tì ńkọ́? Orí àwọn àgbà nìkan ni ìwé wọn wà. Bí àgbà bá papò dà, ìwé ti fà ya nìyẹn.

Ẹ má dúró de Àbújá. Fóònù àpò yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn bàbá àti ìyá lọ síbẹ̀, kí wọ́n nawọ́: ojúbọ rèé, ọ̀nà odò rèé, ibi tí igi wà rèé. Ibi tí wọ́n bá ní ojú ò gbọdọ̀ rí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ igi àti ọjọ́ tí ẹ ya fọ́tò.

Katapílà kì í ránṣẹ́ ṣíwájú kó tó dé.